Páìpù Tí Mo Ní Kí Wọ́n Rà

Bàbá mi, ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ara Màámi le. Àga yín tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ló ń jókòó lé báyìí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dù ú. Èmi ṣì ń ṣe tíṣà ní Ìlọfà, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wọ mọ́tò wálé. Nígbà mìíràn mo ṣì máa ń retí ikọ́ kan ṣoṣo tí ẹ máa ń wú kí ẹ tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ rántí ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ìlú fẹ́ fa omi ìsun orí òkè wá sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ni alága. Páìpù tó fẹ̀ lẹ fẹ́, nítorí ọparun tí ẹ fi ń fa omi wá sídìí ẹkù tí ẹ ti ń ṣe epo pupa ti kọ́ yín lọ́gbọ́n tipẹ́. Èmi tí mo kàwé ni mo dìde. Mo fi rọ́bà fa omi láti inú dúrọ́ọ̀mù omi òjò, mo fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, omi sì fò fìrì, ó ta sí aṣọ àwọn àgbààgbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún tíṣà. Mo ní páìpù tóóró ni yóò mú omi sáré! Ẹ kàn ń họ ìpéǹpéjú bí ẹ ti máa ń ṣe nígbà tí ẹ kò bá fẹ́ dójú ti èèyàn, ẹ sì jókòó. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n ọmọdé nìkan ni èmi fẹ́ fi dá tiwa.

Kò pẹ́ tí àìsàn fi dá yín wó, tí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu yín mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kan ṣe òrùka, ẹ nà án sí mi láti orí ibùsùn. Mo mọ ohun tí ẹ ń bèèrè. Páìpù tóóró ni wọ́n já sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjọ́ kẹta lẹ lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi náà, tòó, tòó ló ń kán. Wọ́n ti gbàgbé tíṣà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún; kíá ni wọ́n sọ ọ́ ní Utọ̀ Alága, pé bí arúgbó ṣe ń tọ̀ ló ń yọ. Àwọn obìnrin á to bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa fi yín rẹ́rìn-ín, èmi náà á to tèmi. Ó dùn mí, Bàbá. Ó dùn mí, mo sì dákẹ́.

Nígbà tí a gba ọlidé, mo gé páìpù méjì, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tóóró, tí gígùn wọn dọ́gba, mo so wọ́n mọ́ dúrọ́ọ̀mù kan náà. Kí n tó ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run tán, bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdí èyí tó fẹ̀ ti kún. Nídìí tóóró, mo ka Bàbá Wa, mo ka Olúwa Ni Olùṣọ́-àgùntàn Mi, mo ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, mo tún gbogbo rẹ̀ kà, bọ́kẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ìdajì. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹnu rọ́bà nìkan ni àtàǹpàkò mi fún lọ́jọ́ ìpàdé. Inú rẹ̀ ṣì gbòòrò. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá fún láti òkè délẹ̀, ńṣe ni omi ń fi ara ha á bọ̀, títí agbára tí òkè fún un yóò fi tán lójú ọ̀nà. Ṣé ohun tí ọparun kọ́ yín nìyẹn? Kí ló dé tí ẹ kò dá mi lẹ́kun?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo dìde níwájú ìjọ. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ní kí wọ́n ra páìpù tóóró, kì í ṣe alága. Ìyá àgbà kan tó máa ń to bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣáájú gbogbo wa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni ẹ̀rín bá gba ṣọ́ọ̀ṣì. A ti ń tún ilẹ̀ gbẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ọkọ́. Páìpù tó fẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ burúkú yẹn mọ́, àbí wọn kì í pè é níṣojú mi.

Ìlú ti dárí jì mí, Bàbá. Ṣùgbọ́n ìlú kọ́ ni mo parọ́ fún.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin,
tó fẹ́ràn yín, tí ojú sì ń tì.