A Wá Káséètì Ẹ̀gbọ́n Délé Dé Ara

Ẹdẹ, Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹsàn-án, 1985

A rí káséètì náà lónìí. Ì bá sàn ká má rí i.

Àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Ẹ̀gbọ́n Délé ti wá a títí. Ẹnì kan ló yọ́ gba orin wọn sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú kí Ẹ̀gbọ́n Délé tó kú. Kò sí òmíràn.

Ní ìlú Ara, a bá ìyá ẹni náà nínú oko ìrẹsì. Wọ́n ti fa tẹ́ẹ̀pù inú káséètì náà yọ, wọ́n ta á yí oko ká láti fi lé ẹyẹ.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohùn ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀.”

“Ọmọ mi, ìrẹsì yìí la ó jẹ. Ṣé ìjọba sójà ló máa bọ́ wa?”

Mo di tẹ́ẹ̀pù náà mú. Wọ́n rọra tú ọwọ́ mi kúrò.

Bóyá oòrùn ò tíì bà á jẹ́ tán...

Màámi ti ra bátìrì sílẹ̀ láti gbọ́ ohùn ọmọ wọn. Kí ni n ó wí?