Tapólì Tí O Fi Bo Ọkọ̀ Ogun

Sámúẹ́lì,

Má wá Màmá kiri. Wọ́n ti tẹ̀lé mi lọ sí Òkè-Àró.

Nígbà tí mo dé láàárọ̀ yìí, orí fóòmù tó rin gbingbin ni mo bá wọn, wọ́n ń gbọ̀n. Òjò gba ihò òrùlé tí o ní wàá dí wọlé. Tapólì kan ṣoṣo tó wà nílé, o fi bo ọkọ̀ ogun tí o fi páálí ṣe, àti èbúté tí o fi igi ìṣáná kàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fàsílátù ará yàrá kejì ní ìṣojú òun lo ṣe bò ó tán, tí o gba Mówé lọ ra ọ̀dà. Àwọn sójà páálí rẹ ò tutù rárá. O kú iṣẹ́.

Mo ti ṣí tapólì náà, mo fi bo Màmá dé ìdí kẹ̀kẹ́. Bí òrùlé bá tún jò, ọkọ̀ ojú omi ṣáà ni, omi ò gbọdọ̀ pa á.

Sá fóòmù sóòrùn. Má pè mí lónìí.

Bí a ṣe ń jáde, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ṣé òjò ò ba ọkọ̀ Sámúẹ́lì jẹ́?"



Ọ̀ṣunníkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ