Aṣọ Ìyá Inú Eré

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Òwú mẹ́fà, 1,800. Síìpù mẹ́sàn-án, 1,350. Láínìn inú aṣọ, 4,200. Owó ọkọ̀, 600. Gbogbo ẹ̀ 7,950. Nínú 15,000 tí wọ́n kọ́kọ́ san, ó ku 7,050 lọ́wọ́ mi. Aṣọ mọ́kànlá ni mo ń rán, 4,000 lọ́kọ̀ọ̀kan: 44,000. Ó ku 29,000 lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ti lẹ bébà eré mẹ́ta tó ń bọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn àdúgbò. Ti ẹlẹ́rìn-ín, ti àwọn ọmọdé, àti tiwa, eré olórin. Tiwa ló ṣáájú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Èmi ni ìyá inú ẹ̀! Èmi tó jẹ́ pé ara ni mo wá wọ̀n fún wọn. Mo ń kọrin jẹ́jẹ́ níbi tí mo ti ń wọn èjìká, ni Ọ̀gá Ẹ-Gbójú-Sókè (olùdarí eré; ohun tó máa ń pariwo mọ́ gbogbo ẹni tó bá gun orí ìtàgé nìyẹn) bá ní kí n tún un kọ. Mo tún un kọ. Ó ní, "Ìyá ti dé."

Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ìwé eré náà nípọn. Ojú ìwé mẹ́fà péré ni mo kà — mo máa ń kàwé bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ẹyẹlé ní òun á máa kà á sí mi létí. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kó ẹrù lọ. Mi ò gba owó ilé. Mo sọ ọ́ ní Ẹyẹlé torí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́ orin, àti torí pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ó kà, mo tẹ̀ lé e. Ibì kan wà nínú orin ìyá tí èémí mi kì í tó. "Ọmọ mi, wọlé, ilẹ̀kùn ò —" mo ní láti mí níbẹ̀ — "tì." Ẹyẹlé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í ká lọ sùn!"

Ọjọ́rú, 12
Aṣọ márùn-ún ti parí. Epo ẹ̀rọ, 250. Ó ku 6,800.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ẹyẹlé sìn mí lọ sí ìdánrawò. Ọ̀gá ní ta nìyẹn. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi í hàn án. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ pé ó mọ orin kọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ẹyẹlé jáde láti àárọ̀. Ó ní ilé ọ̀rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 20
Olùṣọ́ gbọ̀ngàn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Ọ̀gá kí mi, ó ní mo ṣeun tí mo fi ipa ìyá sílẹ̀. Mo ní èmi? Fún ta? Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀, Àǹtí Aránṣọ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́ o." Ó gbé ọ̀rá kan sílẹ̀: aṣọ tó bá ẹni tó gba ipa náà mu, kí n fi gé ti ìyá.

Àwa aránṣọ náà la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí o ò bá ráyè wá wọn ara, fi aṣọ tó bá ọ mu ránṣẹ́.

Mo tú ọ̀rá. Bùláòsì aláwọ̀ ewé. Mo yí inú ẹ̀ síta, mo wo ojú rírán. Iṣẹ́ tèmi ni. Apá òsì fi ínṣì kan gùn ju ọ̀tún lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń rán apá bẹ́ẹ̀ fún. Ó jábọ́ lórí àtẹ̀gùn nígbà tó wà lọ́mọdé, apá ọ̀tún ẹ̀ ò nà tán mọ́. Ẹ̀yìn mi ló wà dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Mo gbé bùláòsì náà lé Ẹyẹlé lórí itan. Kò tiẹ̀ sẹ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀ bá dójú ti ara yín. Ọ̀rọ̀ ń há yín lẹ́nu. Mo gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀sín ni." Ó ní òun ti mọ gbogbo ẹ̀ sórí. Ta ló kọ́ ọ? Èmi náà ni. Mo jókòó tì í lójoojúmọ́, mo ń kọ ọ́ sí i létí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Kí n lọ bá Ọ̀gá pé ọmọ ìyá mi parọ́ mọ́ mi? Ilé wa ni màá tú síta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Mo gé aṣọ ìyá. Apá òsì, ínṣì kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29
Tíkẹ́ẹ̀tì, 1,000. Ó ku 5,800. Mo lè gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò fẹ́.

Gbọ̀ngàn kún. Aṣọ náà bá Ẹyẹlé mu, ká má parọ́. Ó kọrin ìyá. "Ọmọ mi, wọlé, ilẹ̀kùn ò —" ó dúró, ó mí — "tì." Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́kún. Èémí Ẹyẹlé gùn, kò nílò kó dúró níbẹ̀. Èémí tèmi ló kó lọ.

Wọ́n dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà dìde, kí wọ́n má baà wò mí.

Ọjọ́ Ajé, 31
Mo lọ gba owó mi. Ọ̀gá ní, "Àǹtí Aránṣọ, ẹ gbójú sókè! Owó wo?" Mo ní 29,000. Ó ní àbúrò mi ní mo ti fi ta wọ́n lọ́rẹ. Pé ọ̀rọ̀ ìwé le fún mi, kí wọ́n fún òun ní ipa náà, èmi ò sì ní gba ìyókù owó aṣọ, ìrànlọ́wọ́ tèmi sí ẹgbẹ́ nìyẹn. Ó wo ojú mi. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò mọ̀ ni?" Ó ní wọ́n ti fi owó náà ra iná orí ìtàgé.

Iná tó tàn sí Ẹyẹlé lójú.

Mo délé. Ó ń kọrin ní kíṣìnnì. "Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀. Ibo lẹ lọ?" Mo ṣí ìwé yìí.

Ó kù níta: 29,000. Wọn ò tíì san. Mi ò tíì mọ orúkọ ẹni tí màá kọ síwájú ẹ̀.