Ọkọ̀ Kékeré Ni Kó O Rà, Nítorí Orúnkún Ìyá Rẹ

Abúlé Nasalevu,
Ra.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Vasemaca ọmọ mi,

Mo kí ọ káàárọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ni lẹ́tà yìí bá ọ, kú ọ̀sán. Mo kí yín kú òjò ìlú Suva náà, nítorí mo mọ̀ pé yóò máa rọ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Torika kékeré ńkọ́, eyín rẹ̀ ti pé mélòó? Ọlọ́run tó fi í ta wá lọ́rẹ kò ní gbà á lọ́wọ́ wa. Kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ rí ọ fín. Àwa náà wà níhìn-ín, a ń dúpẹ́. Kókò ta dáadáa lọ́dún yìí, ẹlẹ́dẹ̀ dúdú bí mẹ́jọ, ọ̀kan nínú wọn sì jọ Kitione àbúrò mi lójú, ṣùgbọ́n a ò tíì sọ fún un.

Ìyá rẹ ló wà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúnkún yẹn náà ni. Oṣù mọ́kànlá nìyí tó o ti bímọ tó o sì sọ ọ́ ní orúkọ ìyá rẹ, kò tíì fojú kàn án. O kúkú mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàárín wa, kí ẹni méjì máa jẹ́ orúkọ kan kí wọ́n má tíì gbá ara wọn mọ́ra. Àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ga ju ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gùn lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì la sì ti gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀gbọ́n mi Waisale kó lè wá sọ́dọ̀ rẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ti jókòó síwájú tán ni ìyàwó pásítọ̀ dé pé òun náà ń lọ, ìyá rẹ sì sọ̀ kalẹ̀ fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kò sí ibi tí wọ́n á fi àpò kókò méjì sí, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Kókò ló sọ̀ kalẹ̀ fún o. Mo bá a jà, ó ní kò sí nǹkan kan, òun á lọ nígbà mìíràn. Àmọ́ mo rí i bó ṣe ń tú ẹ̀wù ọmọ tó ti ká sínú àpò, tó ń kó wọn padà sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi sì bàjẹ́ gan-an.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jó nígbà tí lẹ́tà rẹ dé pé o ti tọ́jú ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dọ́là, pé o fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan kó o lè máa wá gbé wa. Àṣìṣe mi ni pé ìta ni mo ti kà á. Kí n tó kà á dé ibi tó o ti kí wa pé ó dàbọ̀, èèyàn mẹ́tàdínlógún ti jókòó sórí ẹní. Ẹ̀gbọ́n mi Waisale gba fóònù, wọ́n wo àwòrán tó o fi ránṣẹ́, wọ́n ní ṣé bàtà lọmọ wa fẹ́ rà ni. Kitione fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, ọkọ̀ ọ̀hún sì tóbi sí i lójú gbogbo wa. Inú mi dùn, mo ní ó tán, ká rà á ní kékeré lówó pọ́ọ́kú, bó bá délé ká wá fẹ̀ ẹ́. Waisale ní kí n panu mọ́. Wọ́n ní èyí tó ní ẹ̀yìn gbalasa ni kó o rà, èyí tó lè gba ẹgbẹ́ akọrin àti kókò àti àwọn fúnra wọn, kó o lọ yá owó tó kù ní báǹkì. Kí n má purọ́ fún ọ, èmi náà gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo ti ń rí ara mi níwájú ọkọ̀ ńlá, tí mo gbé apá lé fèrèsé, tí mo ń kí àwọn ará abúlé kejì.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù báǹkì wá ńkọ́, èyí tó o ní kí n kàn fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo mọ̀ pé o ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi ná. Mo kà á, mo dé ibi tí wọ́n ti bi ọ́ pé èèyàn mélòó ló ń jẹun lọ́wọ́ rẹ, mo rí i pé ẹyọ kan lo kọ. Ẹyọ kan péré, Torika. Ojú tì mí fún ọ. Mo ní àwọn ará báǹkì á rò pé ọmọ tí kò lẹ́nìkan ni ọ́. Mo bá mú bírò, mo bá ọ kọ ọ́ bó ṣe yẹ, láti orí èmi àti ìyá rẹ dórí àwọn ọmọ Waisale, mo kọ pásítọ̀ sí i. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fà síbẹ̀, kò tó, mo bá lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn. Èèyàn méjìlélógójì. Ìgbà tí báǹkì wá dáhùn pé ẹni tó ní èèyàn tó bẹ́ẹ̀ lọ́rùn kò lè san gbèsè, ó yà mí lẹ́nu títí di òní. Níhìn-ín, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an là ń yá lówó, torí a mọ̀ pé èèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó máa bá a san án.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí báǹkì kọ̀, mo sọ fún Waisale pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ká lọ wo èyí tí owó ọwọ́ rẹ ká, èyí tó o sọ pé wọ́n ń tà ní ìlú Ba. Kitione ló yẹ kó dá lọ, torí òun ló mọ ẹ́ńjìnnì. Mo ní mo ń bá a lọ. Ìyá rẹ náà ní òun ń lọ. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó wúwo ju àpò símẹ́ńtì. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìborùn ló fi bojú.

Mo gbé ìdì yaqona kan lọ́wọ́, gbòǹgbò tí à ń gún mu, èyí tó dára jù nínú oko. Kitione ní ọjà là ń lọ rà, a ò lọ kí ìjòyè. Mo ní ilé onílé ni, a kì í ṣàdédé wọlé onílé ká máa tọ́ka sí ẹrù rẹ̀. Bí a ti dé ọ́fíìsì, mo jókòó sílẹ̀, mo gbé gbòǹgbò náà síwájú, mo sọ ìran wa, mo sọ ọ̀rọ̀ tìrẹ, mo sọ ti orúnkún ìyá rẹ, mo wá bẹ ọ̀gá ibẹ̀ pé kó fún wa ní ọkọ̀ kan. Bisun lorúkọ ọkùnrin tó ń tà á, ọmọ Íńdíà àwọn ará Ba. Àwọn oníbàárà rẹ̀ dúró, wọ́n ń wò wá. Òun náà kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó gba yaqona, ó sì dá mi lóhùn ní èdè wa bí ẹni tí wọ́n bí sí Nasalevu. Ó ní bàbá òun gé ìrèké títí ó fi kú, àwọn ará Ra tiwa ni wọ́n jọ máa ń mu yaqona. Mo wo Kitione. Kò lè wò mí lójú.

Ọkọ̀ náà funfun, ó sì mọ́. Kitione ní ó ti rin ọ̀kẹ́ mẹ́rin kìlómítà ní Japan kí wọ́n tó kó o wá. Mo béèrè bóyá òkun tó wà láàárín wa àti Japan wà nínú ìrìn náà, Bisun ní rárá, inú ọkọ̀ ojú omi ló wà ní gbogbo ìgbà yẹn. Mo ní a jẹ́ pé ó ti sinmi. Ó wá tẹ bọ́tìnnì kan, a ò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró, kò sí ohùn. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Mo tẹríba, mo bá a kẹ́dùn, mo ní Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò fún un. Ó ní bàbá, ó ti ń ṣiṣẹ́ o. Ni ọkọ̀ bá ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ológbò. Kitione ní iná mànàmáná àti epo ló jọ ń gbé e rìn, ìdí nìyẹn tí owó epo rẹ̀ kò fi ní pa ọ́. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí a kò rí, tó ń sọ èdè Japan. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dá mi lóhùn.

Ibi tá a ti ń sọ̀rọ̀ yìí la ò ti rí ìyá rẹ mọ́. A wá a títí. Inú ọkọ̀ náà ló wà, níwájú. Vasemaca, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó jókòó, ó sì kó ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó tán. Ọkọ̀ náà kò ga ju àga ilé ìdáná rẹ̀ lọ. Ó ti yọ gbágùúdá sísè nínú àpò, ó ń jẹ ẹ́. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ ká máa lọ, ó ní kí n fi òun sílẹ̀ díẹ̀. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí omi ti ń bọ́ lójú mi, mi ò sì fẹ́ kí Kitione rí i.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án àti ẹgbẹ̀ta dọ́là ni wọ́n kọ sára gíláàsì ọkọ̀ náà. Bisun ní ká mú ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án wá, òun á fi í pamọ́ fún wa títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kitione ń béèrè ìwé tí wọ́n á fọwọ́ sí. Mo ní ìwé wo, ọkùnrin yìí ti gba yaqona. Lójú wa níbẹ̀ ni ẹnìkan mú owó dání wá, Bisun sì sọ fún un pé wọ́n ti gba ti funfun yẹn.

Inú Waisale ò dùn. Wọ́n ní níbo làwọn á jókòó sí. O mọ̀ pé bí mọ̀lẹ́bí bá ti wá ṣe kerekere, tó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni, a kì í sọ pé rárá, èmi ò sì ní sọ ọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n mo rò ó nígbà tí mò ń bọ̀. Bó o bá ra ńlá, gbogbo wa la máa wọ̀ ọ́, tó bá kún tán, a mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde fún ẹlòmíràn. Kékeré yìí ò lè gba kókò, kò lè gba akọrin. Òun ló máa bá wa kọ̀ fún wọn, a ò sì ní ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ìwọ máa wà á, gbé Torika sẹ́yìn, èmi á ká orúnkún mi mọ́ àgbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àga iwájú, ti ìyá rẹ ni. Bí ìyàwó pásítọ̀ bá dé, má dúró.

Jọ̀ọ́, fi ogójì dọ́là ránṣẹ́. Ogún jẹ́ ti yaqona tí n ó fi bẹ Waisale, ogún jẹ́ ti aṣọ tí ìyá rẹ máa wọ̀ wá, nítorí ó ní òun ò ní wọ ti oko wọ ọkọ̀ funfun. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní títì. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣì tẹ̀. Ọmọ rẹ á fi ọkọ̀ tó jù báyìí lọ gbé ìwọ náà.

Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun gbọ́ pé Torika ti ń dìde dúró, kí ẹ má jẹ́ kó rìn kí òun tó dé. Ó ní bó bá sì ti rìn, kí ẹ rọra mú un jókòó padà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Eroni.