Ibi Tí Ìlà Méjì Ti Pàdé

Bàbá mi tó mọ ojú omi,

Láti ìgbà tí a ti sin yín sí Ẹ̀pẹ́, ìròyìn ayọ̀ nìkan ni mo ń bá wá. Lónìí ẹ̀rù ń bà mí, ẹnu sì tún yà mí.

Kókó kan yọ sí mi lọ́mú. Mo rò pé omi ọmú ló dì, torí mo ṣì ń fún ọmọ lọ́mú. Ìyá ọkọ mi ń fi ìyarun ya á, à ń fi omi gbígbóná jó o, oṣù mẹ́ta gbáko, kò yọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó kúrò ní abúlé wa, Lásunwọ̀n, lọ ọsibítù ńlá. Jẹjẹrẹ ni.

Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti rìn dé àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí Ọlọ́run dá sí abíyá. Wọ́n gún oògùn kan sí mi lọ́mú, wọ́n ní n má fún ọmọ lọ́mú títí di ọjọ́ kejì. Ẹ̀rọ kan wá ya fọ́tò ibi tí oògùn náà lọ. Ó ń tàn bí àtùpà lójú omi, ṣùgbọ́n òkùnkùn ló yí i ká, èèyàn ò lè mọ ibi tó jẹ́ lára. Ẹ̀rọ kejì ya egungun àti ẹran, kò rí iná kankan. Ni dókítà bá gbé fọ́tò kan lé èkejì lójú kọ̀ǹpútà. Bàbá mi, iná yẹn jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìhà mi.

Ẹ̀yin ni mo rí. Ẹ kì í so nǹkan tó ń léfòó mọ́ ìgèrè ẹja yín, nítorí olè. Ẹ ó wa ọkọ̀ títí ilé gogoro mọ́sálásí á fi bọ́ sẹ́yìn igi àgbọn tó tẹ̀ yẹn. Èmi á ti ní a ti dé. Ẹ ó ní, "Àmì kan lè parọ́, ọmọ mi. Wá èkejì." Èkejì ni kí òpó iná bọ́ síwájú òrùlé pupa ilé ìlagi. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé, ẹ ó ju ìkọ́ sílẹ̀, ìgèrè á gòkè. Ta ló kọ́ yín? Mi ò bi yín rí.

Dókítà ti fi máákà fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sí abíyá mi. Kókó tí oògùn náà kọ́kọ́ dé yẹn ló máa yọ wò lọ́la, torí ibẹ̀ náà ni jẹjẹrẹ máa ń kọ́kọ́ dé. Tí jẹjẹrẹ ò bá sí nínú rẹ̀, a jẹ́ pé kò tíì rìn. Mo wẹ̀, mi ò jẹ́ kí ọṣẹ kàn án.

Gbogbo ayé yín lẹ fi bẹ Ọlọ́run kí ìgèrè má gòkè lófìfo. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kí tèmi ṣófo.

Èmi ni,
ọmọ yín tó máa ń gbọ́n omi inú ọkọ̀.