Iyán Tí Ẹ̀ Ń Gún Lẹ́yìn Mi

Bàbá Ṣèyítán, ẹ káàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Aishat, tó ń pè láti gbà yín nímọ̀ràn lórí àìsàn ṣúgà látìgbà tí ẹ ti kúrò ní ẹmájẹ́ńsì, pè nígbà tí ẹ wà ní balùwẹ̀. Èmi ni mo gbé fóònù yín. Ó bẹ̀ mí pé kí n yé fi dandan bọ́ yín ní iyán lálẹ́. Ẹ ti lọ parọ́ fún un pé èmi ni! Èmi! Èmi tí mò ń se ẹ̀wà fún yín láti oṣù tó kọjá! Gbogbo àdúgbò Gadumo ló ń gbọ́ odó yín tí mo bá ti lọ sípàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúnkún tí kò jẹ́ kí ẹ rìn dé àdúgbò Crusher bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí ẹ máa ṣe, ó ń sàn nídìí odó ni?

Mo tú àṣírí yín fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní gígún iyán dára fún ara yín, jíjẹ ẹ́ ni kò dára. Torí náà, iṣu wà ní kíṣìnnì. Ẹ gún un. Màmá Rebecca aládùúgbò wa máa wá gbé e lọ jẹ. Ẹ̀wà yín wà nínú ìkòkò.

Ẹ máa bínú lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ dákú, bàtà yín ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí n dúró síta. Mi ò ní gba bàtà yín bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá Ṣèyítán