Ìbọn Yín Ti Kúrò Nílé, Daddy

Daddy mi àtàtà,

Ọlọ́pàá kó àwọn ìbọn yín lọ lánàá. Ọ̀sán gangan ni wọ́n wá, gbogbo àdúgbò wa ní Thamesmead sì ń yọjú lójú fèrèsé. Mummy dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ bí ojú ṣe máa ń tì í tó bá di ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Èmi ni mo pe àwọn ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fúnra mi sọ ọ́ fún yín.

Ṣé ẹ rántí àárọ̀ Saturday yín? Ẹ ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ẹ ó gbé òróró àti àkísà funfun kalẹ̀, ẹ ó máa nu ìbọn bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, ẹ ó sì máa rọra kọrin ṣọ́ọ̀ṣì sí i. Ọmọ ọdẹ ni yín, ṣùgbọ́n ẹ ò pa ohun abẹ̀mí kankan rí nílùú òyìnbó yìí. Àwo amọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ jù sókè ní pápá kan ní Kent nìkan lẹ ń yìnbọn sí. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá ń gbé àpò ìbọn lọ sínú mọ́tò, bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ fi ń bò ó, torí ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa rò tí wọ́n bá rí ọkùnrin dúdú pẹ̀lú ìbọn ládùúgbò wa. Èmi nìkan lẹ máa ń mú dání. Inú mi a máa dùn débi pé mi ò ní lè jẹun àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ nìkan lẹ kì í bá mi sọ. Òfin ibí ni pé ẹni tó ni láísẹ́ǹsì nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí irin tí ìbọn wà nínú rẹ̀ wà, ẹ sì di òfin yẹn mú ju àwọn tó ṣe é lọ. Inú máa ń bí Mummy pé ẹ sọ òun di olè nínú ilé ọkọ òun. Nígbà tí ẹ wà ní ọsíbítù, ẹ fẹ́ sọ ọ́ fún un. Mo rí i lójú yín. Mummy ò gbà, ó kà á sí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ lọ, ló bá fi àdúrà bo ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ ti ṣaláìsí, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá ṣí àpótí náà. Mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé èmi náà máa gba láísẹ́ǹsì, pé àwọn ìbọn yín ò ní di ti ẹlòmíì. Àbúrò yín pè láti Ìbàdàn pé ìbọn kì í ṣe ogún obìnrin. Mo fún un lésì tó tọ́ sí i. Àsìkò yẹn náà la pín aṣọ yín fún àwọn èèyàn, bí a ti máa ń ṣe. Uncle, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń gbé ní Connaught nítòsí wa, ló gba bàtà brown yín. Níjọ́ kan ló wá sílé, ó fi tíṣù wé ohun líle kan tó ti ń gún un lẹ́sẹ̀ lábẹ́ awọ inú bàtà. Daddy, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ìbọn sínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Uncle ò mọ ohun tó fi lé mi lọ́wọ́.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ni pé ara mi ò yá. Kì í ṣe ibà. Dókítà fún mi lóògùn, mo ń lò ó, síbẹ̀ ayé sú mi. Ó sú mi gan-an. Lánàá, Mummy wà níbi iṣẹ́, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo kọjú sí àpótí náà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ nu ìbọn.

Ṣé ẹ ti mọ̀? Lọ́dún tí mo fi yunifásítì sílẹ̀, tí mo tilẹ̀kùn mọ́rí nínú yàrá mi, ṣé ẹ ti rí i lára mi nígbà yẹn? Ṣé torí òfin lẹ ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn kiri lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, àbí torí tèmi?

Mo dìde. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo jáde láìwọ kóòtù, mo lọ jókòó sórí ògiri kékeré iwájú ilé, mo pe ọlọ́pàá. Mo sọ fún wọn pé kọ́kọ́rọ́ ìbọn bàbá mi tó kú wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì gbọ́kàn lé ara mi. Obìnrin tó gbé fóònù bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé. Mo pe Mummy náà. Ẹ mọ Mummy, lójú tiẹ̀ irú àìsàn yìí ò sí nínú ìran wa. Kò bá mi wí, kò sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbá orí mi mọ́ àyà níta gbangba, lójú gbogbo àwọn tó ń yọjú yẹn.

Mi ò ní gba láísẹ́ǹsì mọ́. Àwọn ìbọn yín máa di ti ẹlòmíì, ó sì dùn mí, Daddy, ó dùn mí wọra. Àwọn ará ilé máa sọ pé mi ò lè tọ́jú ogún bàbá mi. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Lọ́la Mummy máa bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ti gbàyè níbi iṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹ fi sílẹ̀, èmi ni mo fẹ́ gbìyànjú láti tọ́jú.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà láyé.